Ọ̀dà Kì í Wo Ògiri Sàn

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ bá yín sọ kéré lójú, nítorí ọ̀ràn ilé ìwẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti ojú mi, ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n, nítorí náà ni mo ṣe rò pé kò yẹ kí n dá a pa mọ́ sínú. Ilé ìwẹ̀ mi ní Ṣakí ni mo kùn ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀dà náà sì bó.

Ilé tí baba mi kọ́ ni. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, a sì fi páànù bò ó. Ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn, òun àti yàrá tí ọmọ-ọmọ mi ń sùn sì jọ pín ògiri kan. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọ̀dà ara ògiri yìí a máa wú bí ara ẹni tí iná jó. Bí a bá fọwọ́ kàn án, a já lulẹ̀ ní èépá-èépá. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun dúdú kan ń hù, òmíràn sì rí bí ọbẹ̀dò, irú èyí tí a ń rí lára àkàrà tí ó ti hùkasì. Òórùn rẹ̀ a sì wọ inú yàrá.

Kí ni mo ṣe? Bí ọdún Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí mo mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, èmi a ra agolo ọ̀dà olóròóró tí ń dán, n ó pe akunlé, yóò sì kun ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn àlejò a yìn mí. Nígbà tí òjò bá tún padà, àrùn náà a padà pẹ̀lú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ níhìn-ín pé ojú àwọn tí ń wá kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún, kì í ṣe fún àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ láti oṣù Kíní dé oṣù Kejìlá.

Ní ọdún kẹta, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ lóru, àyà rẹ̀ sì ń dún bí fèrè. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà wá kò tí ì bi wá ní ohun mìíràn tí ó fi wí pé, “Baba, níbo ni ọmọ yìí ń sùn?” Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Ẹ lọ wo ògiri yín, sà.” Oògùn ni wọ́n fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fún èmi.

Kì í ṣe àsọdùn ni ó sọ. Ní ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé àwọn tí ń gbé inú ilé tútù tí ó ń hùkasì a máa ní ikọ́, mímí fèrè àti ikọ́ fée ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹni tí ìjọba yàn láti wádìí ikú náà sọ pé ìhùkasì inú ilé wọn ni ó fà á. Láti ọdún 2017 ni baba rẹ̀ ti fi ẹjọ́ ògiri náà sùn, ohun tí a sì sọ fún un ni pé kí ó kun ọ̀dà bò ó. Nígbà tí mo ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó sọ fún ọkùnrin yẹn pé kí ó kun ọ̀dà. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Ẹ ṣí ìwé Léfítíkù, orí kẹrìnlá, ẹ ó rí òfin tí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nípa ẹ̀tẹ̀ ara ògiri. A ó kó ẹrù jáde, a ó ti ilé náà fún ọjọ́ méje, a ó yọ òkúta tí àrùn wà lára rẹ̀, a ó ha inú ilé náà, a ó sì fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Kò sí ibi kan nínú rẹ̀ tí a ti ní kí wọ́n kùn ún bò. Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ èyí, nítorí wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo lọ bá àgbà mọlémọlé kan ní àdúgbò wa. Kò wo ọ̀dà rárá; ẹ̀yìn ilé ni ó yí lọ. Ó rí i pé yẹ̀pẹ̀ ti dí ojú ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, omi sì dúró sí ìdí ògiri. Ó rí i pé òjò orí páànù ń já lu ibẹ̀ kan náà. Ó tún rí fèrèsé kékeré tí mo fi pákó kàn pa nítorí ọyẹ́. Ó wá wí pé, “Tíṣà, ẹ wo òwú fìtílà. Ìsàlẹ̀ ni epo wà, òkè ni iná wà. Ta ni ó gbé epo gòkè? Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ń fa omi. Ọ̀dà yín sì ti dí ẹnu rẹ̀. Omi ń wá ọ̀nà jáde, ni ó ṣe ń ti ọ̀dà dànù.”

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, a la ihò náà, a gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò máa gbé omi jìnnà sí ilé, a fi amọ̀ gbé ìdí ògiri ga kí ó lè dagun síta, a sì ṣí fèrèsé. A fi aṣọ dí imú, a fi omi ọṣẹ rin ibi tí ó hùkasì kí eruku rẹ̀ má bàa fò, a sì ha á títí a fi kan ibi tí ó le. Lẹ́yìn náà ni mọlémọlé wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́.” Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kíní ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ilẹ̀ ọ̀dàn wa fi gbẹ ògiri náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n Kérésìmesì wà láàrin. Àwọn àna mi dé láti Ìsẹ́yìn, wọ́n wẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ tí ògiri rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín pé, “Ṣé owó ni ó tán ni?” Ó dùn mí wọra. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà níbi tí ó ti ń ṣeré lágbàlá, mo sì dákẹ́.

Ní oṣù Kejì, ibi tí omi ń ta sí nìkan ni a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dán. Amọ̀ àti iyanrìn ni a fi rẹ́ ìyókù, a sì fi ẹfun kùn ún, nítorí ẹfun ń jẹ́ kí ògiri mí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí omi tirẹ̀ ti ń wá, kí ó lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, kí ó dí etí rẹ̀ yíká fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, láti inú ògiri ni. Bí ó bá sẹ̀ sí iwájú, ooru ìwẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde ni. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ gbá omi ilẹ̀ dànù, ẹ má sì sá aṣọ tútù síbẹ̀. Bí ẹ bá lo bílíìṣì, ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn mìíràn tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Òjò ti rọ̀ kọjá lórí ògiri náà láti ìgbà yẹn, kò sì bó. Ikọ́ ọmọ náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń sùn mọ́jú báyìí. Ẹ̀yin baba àti ìyá, kí a tó kun ohunkóhun nínú ilé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.