Gèlè Màmá Ti Di Báàgì l'Ajégúnlẹ̀: Ẹ Ṣọ́ra Kí Wọ́n Tó Ki Sísọ́ọ̀sì Bọ Sányán Yín!

Ápápá lọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ látọdún 1926, àmọ́ àdúgbò tó múlé gbè é ló gba orúkọ ajé. Ajégúnlẹ̀! Ẹni tó bá jàjà bọ́ lọ́wọ́ àwọn tírélà Ápápá, tó dé Boundary, kò nílò kí wọ́n sọ fún un pé ẹnu ààlà lòun wà, orúkọ ibẹ̀ ti sọ ọ́. Kọ̀ǹténà ti wà lẹ́yìn, ojúlé tó fara ti ojúlé ló kù níwájú, pẹ̀lú àwọn obíọ́mà tó gbé maṣín-ìn lé èjìká, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì lù ú kọ́kọ́kọ́ káwọn oníbàárà lè gbọ́.

Òkìríkà kò wọ́n lágbègbè yìí. Lóòótọ́, ìjọba ti fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ Nàìjíríà, àmọ́ ta ni kò mọ ọ̀nà Kútọnú? Jíǹsì tó bá ti ṣá, ẹni tó mọṣẹ́ á sọ ọ́ di báàgì.

Èyí tó gba sùúrù nínú iṣẹ́ náà ni ti aṣọ òkè. Gèlè tí màmá fi ṣègbéyàwó, tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí láti ọjọ́ yìí, làwọn ọmọ ń gbé fún aránṣọ àti oníbàtà, pé kí wọ́n fi ṣe pọ́ọ̀sì tàbí sílípáàsì. Àwọn ará Japan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀já tí wọ́n fi ń di kímónò mọ́ ìbàdí, tí wọ́n ń pè ní obi, gùn tó mítà mẹ́rin. Ní Nishijin, ní Kyoto, ni wọ́n ti ń hun ojúlówó ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn. Nígbà tí kímónò di aṣọ òde nìkan, ọ̀já àtijọ́ di báàgì.

Ewu tó wà níbẹ̀ rèé o. Ojúlówó sányán, òwú tí kòkòrò inú igbó pa ni wọ́n fi hun ún, ó sì ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà lónìí, àwọ̀ ẹ̀ nìkan ló jọ ọ́. Téèyàn bá gé ti ìyá àgbà sí wẹ́wẹ́ nítorí pọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, níbo ló ti fẹ́ rí òmíì?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò dìgbà tí wọ́n bá gé e. Ṣebí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun aṣọ òkè, tí wọ́n wá rán an pọ̀. Kí oníṣẹ́ fi bíléèdì tú ojú rírán, kó yọ ẹyọ kan tàbí méjì níbi tó ti ya, kó sì rán ìyókù padà. Kó fi gọ́ọ̀mù-sìtéè sí i lábẹ́, pàápàá níbi okùn báàgì, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ya. Ẹ jókòó tì í títí tó fi máa tú u tán, kẹ́ ẹ sì gba àjákù tó bá ṣẹ́ kù. Ó tó fìlà ọmọdé.