Omi Tí Iná Ò Ràn

Ẹ̀yin ìyálé ilé, ẹ̀yin baálé ilé, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ omi mímu, ohun tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ni pé kẹ́ ẹ sè é, kẹ́ ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i, kẹ́ ẹ sì dé ìkòkò ẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni, torí ó ń gbà wá lọ́wọ́ onígbáméjì. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí iná ò ràn, tí álọ́ọ̀mù ò sì lè tún ṣe. Omi tí epo wọ̀ ni.

Ẹ wo ilẹ̀ Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá kẹ́míkà benzene nínú kànga táwọn èèyàn ń mu. Ó fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Kẹ́míkà yìí máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Níbì kan níbẹ̀, epo tó léfòó sórí omi inú ilẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Páìpù NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba fúnra ẹ̀, ò sì jìnnà síbẹ̀. UNEP ní àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ìjọba tó ṣí ètò ìfọ̀mọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, torí omi kànga là ń lò nílé wa, ilé epo kan sì wà lẹ́yìn ògiri wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí ọmọ mi fà ń rùn bíi kẹrosíìnì. A dà á nù, a sì lọ bá máníjà wọn. Ó ní ká máa sè é. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ba omi jẹ́ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyálé ilé.

Ẹ má sè é o. Ooru ẹ̀ á gbé kẹ́míkà náà wọ ilé ìdáná, ẹ ó sì fà á símú. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé imú nìkan, torí ó lè wà nínú omi láìrùn. Ẹ wá omi síbòmíràn, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tó àwọn tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ yín létí.

Ẹ má sọ pé kí ló kan obìnrin nínú òṣèlú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí ìjọba ló ń pinnu ohun tó ń wọ kànga. Lóṣù Kejìlá ọdún 2010, ìwé àṣírí Amẹ́ríkà kan tú síta. Ó ní ọ̀gá Shell kan sọ fún aṣojú Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 pé àwọn ti fi èèyàn àwọn sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tó kàn, àwọn sì ń mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Agbẹnusọ NNPC ní Shell ò darí ìjọba wa. Nígbà yẹn, àbá òfin epo ṣì wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ọdún 2021 ni òfin náà tó jáde. Àwọn aṣojú-ṣòfin fẹ́ kí ìlú tí wọ́n ti ń wa epo gba náírà 5 nínú 100 owó tí iléeṣẹ́ epo ń ná lọ́dún. Àwọn sẹ́nétọ̀ ní 3, 3 náà ló wọlé. Òfin ọ̀hún tún ní tí wọ́n bá ba páìpù jẹ́ nílùú kan, wọ́n á yọ owó àtúnṣe nínú owó ìlú náà. Ìyá tó ń pọnmi ní Ogale ò ní èèyàn kankan nínú iléeṣẹ́ ìjọba.

Nítorí náà, tí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé ta ló ń yẹ omi wò ládùúgbò yìí, ta ló sì ń sanwó fún ẹni náà. Ẹ gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ìrẹsì ẹ̀.