Ta Ni Ó Gba Epo Sílẹ̀?

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan bá ti inú ẹ̀rọ wọn kọ ohun tí òfin kọ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí wọ́n bá a pín ẹ̀bi rẹ̀?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, ẹnì kan tí a kò mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ rírùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi orúkọ Laurence Godfrey, olùkọ́ físíìsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Godfrey kọ̀wé sí Demon Internet pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọn kò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i. Ní 1999, adájọ́ ní láti ìgbà tí ìwé náà ti dé ọwọ́ wọn, wọn kò lè wí mọ́ pé àwọn kò mọ̀. Ní 2000, wọ́n san £15,000 fún un pẹ̀lú owó ẹjọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà. Ní 1995, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa ènìyàn 168 ní Oklahoma City, ẹnì kan polówó ẹ̀wù tí ó fi àwọn òkú náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi nọ́ńbà tẹlifóònù ọkùnrin kan ní Seattle sí i. Àwọn tí inú ń bí sì ń fi ikú halẹ̀ mọ́ aláìṣẹ̀. Ó fi ẹjọ́ sun AOL, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń yọ ọ̀kan ni òmíràn ń yọjú. Ní 1997, ilé-ẹjọ́ ní òfin ọdún 1996 dá AOL sílẹ̀, ìbáà ṣe pé a ti sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a tún òwe wa yẹ̀ wò. Ẹni tí ó gba epo sílẹ̀ gbójú sókè, ó rí epo, ó sì na ọwọ́. Alábàárù tí a di ẹrù lé lórí kò rí nǹkan kan. Nítorí náà, n kò lè gbà pé kí ẹni tí epo ti yí lọ́wọ́ máa lọ bẹ́ẹ̀ ní àlàáfíà.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń bà mí. Ẹni tí ó kó owó ìlú jẹ lè kọ̀wé pé irọ́ ni òótọ́ tí a kọ nípa òun. Ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ sanwó yóò sì kó òótọ́ náà dànù. Law Commission, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ òfin ilẹ̀ náà wò, mẹ́nu ba irú ewu yìí ní 2002.

Kí a sọ fún ni kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ojú ẹni rí i. Bí ìhalẹ̀ ikú bá hàn gbangba, kí wọ́n yọ ohun tí ó fà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn òótọ́ àbí irọ́, kí olùfisùn mú ẹ̀rí wá, kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí ó kọ ọ́, kí adájọ́ sì dá a. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.