"Oògùn yìí ti mọ́ mi lára"



Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní ọjà: "Oògùn yìí ti mọ́ mi lára, kì í jẹ́ fún mi mọ́." Oògùn apakòkòrò ni wọ́n sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, àwọn kapusúùlù aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó fẹ́ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara wa ni oògùn mọ́. Kòkòrò ló ti mọ bí yóò ṣe borí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tuntun àbúrò mi kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ara rẹ̀ fi gbóná bí iná. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ kò jẹ́, èkejì kò jẹ́, ìkẹta ló gbà á sílẹ̀. Ìyá wa wá bi dókítà pé: "Ọmọ tí kò gbé oògùn mì rí, báwo ni oògùn ṣe mọ́ ọn lára?" Olùkọ́ SVT ni mí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kò tíì bi mí ní ìbéèrè tó dára tó yẹn.

Ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní plásímíìdì ni ìdáhùn rẹ̀. Bakitéríà ní ADN ńlá tó fi ń ṣe ètò ayé rẹ̀. Plásímíìdì jẹ́ ADN kékeré tó rí bí òrùka, tó dá wà lọ́tọ̀, orí rẹ̀ sì ni ìlànà bí a ṣe ń ba oògùn jẹ́ sábà máa ń wà. Bí bakitéríà méjì bá pàdé nínú ìfun, ọ̀kan lè na okùn tín-ín-rín sí èkejì, kó fà á mọ́ra, kó sì fún un ní ẹ̀dà òrùka náà. Ẹni tó fúnni kò pàdánù nǹkan kan. Bí ìgbà tí a fi àtùpà kan tan òmíràn ni. Wọn kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ ìran kan náà.

Jàpáànù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èyí kedere. Ní àwọn ọdún 1950, Shigella, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, di ohun tí oògùn mẹ́rin kò lè pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bá E. coli, tó sábà ń gbé inú ìfun láì ṣe wá ní nǹkan, nínú àwọn aláìsàn kan. Oògùn mẹ́rin yẹn kò pa òun náà. Ní 1959, Ochiai àti Akiba fi hàn pé ọ̀kan ń kó o fún èkejì.

Nítorí náà, kapusúùlù méjì tí ẹnìkan mu fún ọ̀fìnkìn (kò sì lè wo ọ̀fìnkìn, fáírọ́ọ̀sì ni) yóò pa àwọn aláìlágbára inú rẹ̀, yóò fi àwọn olórùka sílẹ̀ kí wọ́n máa bí sí i. Wọ́n á gba ìgbẹ́, omi àti ọwọ́ àìfọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ń sin adìẹ ń bá ara wa jiyàn lé lórí nìyẹn. Adìẹ rẹ̀ kò ṣàìsàn, ó ń da oògùn sínú omi wọn. Mo sọ fún un pé ní 2015, wọ́n kéde ní Ṣáínà pé plásímíìdì kan nínú ẹlẹ́dẹ̀, ẹran ọjà àti ènìyàn ń gbógun ti kọlísítìn, oògùn tí dókítà ń fi pamọ́ di ìgbẹ̀yìn. Ní 2017, ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n yé fi í sínú oúnjẹ ẹran láti mú wọn sanra. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣáínà jìnnà. Mo ní bakitéríà kì í fi káàdì hàn ní ẹnubodè. Ó ní tí mi ò bá fẹ́ kí òun lo oògùn, kí n wá bá òun gbá ilé adìẹ. A ti fi Sátidé sí i.