Ẹrù Tó Ju Agbára Ampù Lọ

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé àwa tí à ń kọ́ Yorùbá fẹ́ sọ̀rọ̀ iná. Jùjú Ebenezer Obey àti ti King Sunny Adé tí a máa ń tú palẹ̀ nínú kíláàsì, ṣé gìtá oníná kọ́ ló gbé e ró? Gìtá náà ò sì lè dé etí èrò láìsí ampù àti sípíkà.

Lásìkò ọlidé, a bá wọn ta gìtá níbi ìgbéyàwó kan ní Ìràwọ̀. Ampù tí a yá, òun ni olówó rẹ̀ fi ń jẹun. Sípíkà méjì ti wà lára rẹ̀, ohm 8 ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bùrọ̀dá kan tún gbé méjì mìíràn dé, wọ́n ní ká so ó mọ́ ọn kí ohùn lè dé Ṣakí. A ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ampù ná." Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lórí wa.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohm ni agbára sípíkà. Rárá o. Bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó ni. Bí ohm bá ṣe ń kéré ni iná tó ń jáde lára ampù ń pọ̀. Ó dà bí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn: bí a bá ṣe ń ṣí i sí i ni èrò ń rọ́ jáde. Sípíkà ohm 8 méjì, tí a so rere mọ́ rere, òdì mọ́ òdì, di ohm 4. Mẹ́rin di ohm 2. Bí a bá sì so méjì tẹ̀lé ara wọn, ó di 16. Kò léwu fún ampù onítransistor, ohùn ló kàn máa rẹlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ampù ọ̀hún pé kò gbọdọ̀ kéré sí ohm 4. Méjì yẹn ti tó o gẹ́lẹ́! A gbé wọn sórí tábìlì kí ara èrò má baà dí ohùn, ó sì dún dáadáa.

Ampù onítube ò gba irú eré yẹn. Ohm tí a yàn lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti sípíkà mu, a ò sì gbọdọ̀ lò ó láìsí sípíkà lára rẹ̀, torí transformer inú rẹ̀ lè jó. Wáyà tín-ín-rín tí a fi ń so gìtá kì í ṣe wáyà sípíkà. Ó lè gbóná. Bí ẹ bá sì fi mítà wọn sípíkà ohm 8 tó fi 6 hàn, ẹ má pariwo pé wọ́n lù yín ní jìbìtì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.