Òṣùpá kan náà, orí òkè kan náà

Fresno, Kalifọ́níà
Oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ara mi le, òtútù ibí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ àwọn onífọ́tò ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti ya Olúmọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti yà á tán nìyẹn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọgbà Yosemite, tí kò jìnnà púpọ̀ sí wa, àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní El Capitan. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000. Omi tín-ín-rín kan ń já bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn rẹ̀, Horsetail Fall lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láti àárín oṣù Kejì títí dé apá ìparí rẹ̀, bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, ìtànṣán rẹ̀ á bọ́ sára omi náà nígbà tí àpáta tó yí i ká ti ń ṣókùnkùn. Omi á wá pọ́n bí ẹ̀yinná tí wọ́n ń dà láti orí òkè. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré, ó ti parí.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ o! Yìnyín gbọ́dọ̀ ti pọ̀ lórí àpáta, ọ̀sán gbọ́dọ̀ móoru tó láti yọ́ ọ, ojú ọ̀run níhà ìwọ̀-oòrùn sì gbọ́dọ̀ mọ́. Ìkùukùu kékeré kan lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Galen Rowell ya fọ́tò rẹ̀ aláwọ̀ ní 1973, òkìkí sì kàn. Lónìí, ẹni tí kò rí i yóò padà lọ́la. Ẹni tí kò rí i lọ́dún yìí yóò tún wá ní àmọ́dún.



Ọ̀gá gbogbo àwọn onífọ́tò náà ni Ansel Adams. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Yosemite ní 1916, pẹ̀lú kámẹ́rà Kodak kékeré kan. Ọdọọdún ló ń padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó dúró ní Glacier Point nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ya òṣùpá tó ń yọ lókè àwọn òkè ńlá, ṣùgbọ́n kò kọ déètì tó péye sí i. Adams kú ní 1984. Donald Olson, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Texas, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá fi ipò òṣùpá àti òjìji ara òkè ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1948, ní aago 7:03 ìrọ̀lẹ́. Ọdún 19 sí 19 sì ni oòrùn àti òṣùpá máa ń padà fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ipò kan náà. Nítorí náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2005, tí ó pé ọdún 57 gẹ́lẹ́, ìyẹn ọdún 19 lọ́nà mẹ́ta, èrò kó kámẹ́rà lọ síbẹ̀ láti wo òṣùpá Adams.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ iṣẹ́ tó tó báyìí wú mi lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí Òkè Ìdànrè. Fọ́tò tí ẹ yà níbẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń já lé àpáta lórí, ó sì mú kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì ń fa òjìji jáde lára òkè. Ẹ lọ ní kùtùkùtù nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, kí ẹ tún lọ nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì dúró síbi tí ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, títí kan èyí tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Èmi àbúrò yín