Ọrun Rẹ Ti Ń Dán Jù

Columbia, Missouri,
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òjò o, bí kò bá tíì dá lọ́dọ̀ yín. Orúnkún Màámi ńkọ́? Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ìloro. Inú mi dùn gan-an. Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé àmàlà Ìṣẹ́yìn.

Àwọn ará ilé rẹ wà dáadáa. Èmi àti Túndé la ń gé koríko iwájú ilé yín, o ò sì gbọdọ̀ dúpẹ́, owó ni kí o mú bọ̀. Ó yá, ọ̀rọ̀ ọrun tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ sọ.

Ọrun yẹn dára, èèyàn kì í purọ́. Igi Osage orange kì í ṣe igi tó rọrùn fún gbígbẹ́, síbẹ̀ òrùka ọdún kan ṣoṣo ni o tẹ̀ lé lẹ́yìn ọrun náà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o máa fi òróró Tru-Oil lé Tru-Oil bẹ́ẹ̀ yẹn? Ó ń dán gbinrin! Ká ní ojúbọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní Bahia la fẹ́ gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi irin rọ ọrun àti ọfà òrìṣà náà, mi ò ní bá ọ wí. Igbó la ń gbé tiwa lọ.

Mo ní kí Túndé gbé e dúró lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́, èmi sì lọ dúró sídìí ọgbà. Òjìji ibẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò rí ojú ọmọ náà dáadáa. Bó ṣe ní kóun gbé ọwọ́ sókè báyìí, apá òkè ọrun kọ mànà. Ohun tí àgbọ̀nrín máa rí nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o máa ní àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀. Ó ń rí i o, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Tiwa jẹ́ oríṣi mẹ́ta lára ohun tó ń gba àwọ̀ sínú ojú, tirẹ̀ jẹ́ méjì péré. Kò lè ya pupa sọ́tọ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí òfin ní ká wọ̀ lásìkò ọdẹ ìbọn kì í fi í lé e sá. Búlúù ni ojú rẹ̀ mú, pàápàá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, ohun tó bá sì mira ló kọ́kọ́ máa ń rí. Awọ òróró tó tẹ́jú tó sì ń dán, ìmọ́lẹ̀ sánmà ló ń dá padà. Báwo wá ni o ṣe fẹ́ gbé irú ọrun bẹ́ẹ̀ sókè ní ìdájí kí ẹran má lọ?

Má fòyà, mi ò fi sánpépà họ iṣẹ́ rẹ dànù. Ìdí ìbọn ni ilé iṣẹ́ Birchwood Casey ṣe Tru-Oil fún. Òróró linseed wà nínú rẹ̀, bó bá sì gbẹ, ṣe ló ń di awọ lórí igi. Bí o bá ṣe ń kùn ún kún un ni awọ náà ń nípọn, tí ojú rẹ̀ ń tẹ́ sí i, tó sì ń dán sí i. Ojúlówó òróró tung kì í ṣe bẹ́ẹ̀, igi ló máa ń mu ún. Ṣùgbọ́n awọ yìí kan náà ló ń lé ọ̀rinrin sẹ́yìn. Bí ọ̀rinrin bá ráyè wọnú igi, ọrun á rọ, á tẹ̀, kò sì ní nà padà bó ṣe yẹ mọ́. Nítorí náà, ojú awọ nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Bí a bá fa ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín púpọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á fọ́n káàkiri, kò ní kọ sójú ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná, torí òróró tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Nígbà tí mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́, tí mo fi èékánná tẹ ibi tí ọsán ń kọ́ tí kò sì lápàá, mo bẹ̀rẹ̀. Mo tú ọsán kúrò, mo lẹ téèpù mọ́ awọ ẹran tí ọfà ń gbà lórí rẹ̀ kọjá. Kànrìnkàn onírin tí wọ́n kọ 0000 sí lára ni mo lò, èyí tó fẹ́lẹ́ jù. Kì í ṣe ti ìdí ìkòkò o! Ìyẹn á ya á pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Gígùn igi ni mo ń fà á, mi ò fà á ní ìbú rárá, ọwọ́ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo. Etí ọrun ni mo ti rọra jù, torí òróró kì í nípọn níbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí irin á fi kan igi.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀yìn Osage kì í tẹ́jú. Ibi tó yọ á kọ́kọ́ ṣú, inú àwọn kòtò kéékèèké á ṣì máa dán wínníwínní. Ibẹ̀ ni ọwọ́ á ti fẹ́ máa yún èèyàn láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo tú kànrìnkàn náà, mo ká díẹ̀ nínú rẹ̀ róbótó, mo fi orí ìka kan tì í wọnú kòtò títí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba.

Mo fi aṣọ di mágnẹ́ẹ̀tì, mo fi ṣa eruku irin, torí bí ìyẹn bá kù tí omi kàn án, á dógùn-ún. Mo wá fi ìda díẹ̀ pa á, mo sì nù ún fẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá dé, jọ̀ọ́, má fi aṣọ nù ún kíkankíkan, dídán tí a lé lọ á padà wá. Ẹnì kan ní kí n kàn fín ọ̀dà tí kì í dán sí i. Ìyẹ̀fun sílíkà ló ń mú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣú, ó sì máa ń sùn sísàlẹ̀ agolo. Bí o ò bá mì ín dáadáa, dídán náà ni wàá tún bá pàdé. Má kun àwọ̀ kankan sí i o. Àwọ̀ ìyeyè Osage á pọ́n fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á.

Ohun tó bí mi nínú ni ti àkísà. O rún gbogbo èyí tí o fi kun òróró mọ́ inú garawa ní gáréèjì! Òróró linseed máa ń móoru bó bá ń gbẹ, àkísà tí a bá sì rún jọ, ooru ò ríbi jáde, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Irú àkísà bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń tún pákó ara ògiri ṣe fi sílẹ̀ ní àjà 22 ilé One Meridian Plaza, ní Philadelphia, ló dá iná oṣù kejì ọdún 1991 sílẹ̀. Ó jó ju wákàtí 18 lọ, panápaná mẹ́ta sì kú síbẹ̀. Mo ti tẹ́ tìrẹ sórí wáyà níta, wọ́n ti gbẹ, mo sì ti dà wọ́n nù. Má dán irú ẹ̀ wò mọ́, ọmọ ń sùn nílé yẹn.

Má sì rò pé torí ọrun ti ṣú, o lè wá máa ju apá kiri nínú igbó. Ìwọ tí o kì í lè dúró jẹ́ẹ́!

Ìdìmú nìkan ló kù. Lójú tèmi, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ á bò ó, àtẹ́lẹwọ́ á sì tún máa dán an lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ọrun. Oṣù kẹsàn-án ni ọdẹ ọlọ́fà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbí, jọ̀ọ́, tètè fèsì, torí mi ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Lásún.